Ìdáríjì Tí Àtinúkẹ́ Kò Tọrọ

"Mo ti dárí jì ọ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣìnúbí wí, ó sì ti fáìlì náà padà sọ́dọ̀ Àtinúkẹ́ lórí tábìlì. "Jókòó. Ojú rẹ le jù."

Àtinúkẹ́ kò jókòó. Ó wá síbí láti gba ìwé kan ṣoṣo ni, èyí tí ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wọn tó jókòó lọ́la. Kò sí ìdáríjì nínú ohun tó bá wá.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ dárí rẹ̀ jì mí, sà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn ará ilé rẹ wá síbí lánàá. Ọkọ rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ìyá wọn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí o dúró sí yẹn, màmá sì kúnlẹ̀. Wọ́n ní ìṣe ọmọdé ló ń ṣe ọ́, kí n má wo tìrẹ, kí n wo tiwọn. Èmi náà bímọ. Inú mi ti yọ́."

Ìgbà yìí ni Àtinúkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá náà. Iṣu ńláńlá ni, wọ́n tò ó lé ara wọn, kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ búlúù dì lẹ́nu. Ó mọ kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá láti Ìkìrun fún un, tó ní epo tí òun fọwọ́ ara òun fún ni, kò ní omi nínú. Epo ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ló wá jókòó sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí.

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn," ni ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo ti pe Ọ̀mọ̀wé Abísọ́lá, olórí ẹ̀ka wa, lórí fóònù. Mo ní ẹbí rẹ ti gbà pé o jẹ̀bi, wọ́n sì ti bẹ̀bẹ̀, kí ìgbìmọ̀ má wulẹ̀ da ara wọn láàmú lórí ẹjọ́ tó ti parí nílé. Ohun tó kù ni kí o yọ orí kẹrin kúrò, kí n buwọ́ lùwé, kí o lọ gba oyè rẹ."

"N kò rán ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀, sà."

"Ta ló máa ń rán ẹbí rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀? Wọn kì í dúró kí a rán wọn. Fúnra wọn ni wọ́n máa ń lọ."

Àtinúkẹ́ mú fáìlì rẹ̀. Ó fẹ́ gbá ilẹ̀kùn náà kí gbogbo ẹ̀ka gbọ́, àmọ́ irú ilẹ̀kùn tó máa ń rọra pa ara rẹ̀ dé ni, kò ṣeé gbá. Ìyẹn náà tún bí i nínú.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò le púpọ̀ láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ fẹ́ràn láti mú un le. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Àtinúkẹ́ ti ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, ní yunifásítì aládàáni kan lẹ́yìn ìlú Ọ̀tà. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé inú ọkàn ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ohun tí ọkàn kò bá tíì rò, a kò lè sọ pé ó wà. Àwọn mìíràn ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ bi ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí bí nǹkan náà ṣe dé bá a, kí a tó máa fi èrò dá sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣìnúbí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ti àkọ́kọ́. Ó kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀ nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀ tí kò tún ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn kọ bí ẹni ń ka àdúrà. Nínú orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀, Àtinúkẹ́ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìwé náà kò tọ̀nà, ó sì sọ ibi tí kò ti tọ̀nà. Láti ìgbà náà ni bíírò Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ti ní yíǹkì mọ́ láti fi buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Àtinúkẹ́ kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó lé lórí nìyẹn.

Ó gun ọ̀kadà láti Ìyànà Ìyẹsí. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Ṣàngó ni èéfín ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ń wọ̀ ọ́ nímú. Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń ronú lé e lórí, pé ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn mọ èéfín kí ọkàn tó mọ̀ ọ́n. Lónìí, kò ronú kankan. Inú ló ń bí i, inú náà sì ń bí i débi pé ọlọ́kadà ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi léjìká bẹ́ẹ̀ yẹn."

Àwọn mẹ́ta náà wà ní pálọ̀ nígbà tó wọlé, wọ́n ń jẹ iṣu tó ṣẹ́ kù. Dúrótoyè ọkọ rẹ̀ wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Akíndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ìjọkò, jókòó sí orí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ìyá wọn jókòó sórí ẹní. Ojú ẹni tó ń retí ìdúpẹ́ ni gbogbo wọn gbé sókè.

"Ìyàwó, káàbọ̀," ni màmá wí. "Ṣé ó ti sọ fún ọ?"

"Ta ló rán yín?"

"Kí lo wí?"

Àtinúkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ wọn, Bàbá Ìtẹ́ ló ń pè é, ẹ ló sì ń lò fún un. "Dúrótoyè, ta ló rán ọ?"

Màmá yọ ọwọ́ kúrò nínú àwo.

"Ìwọ ni mo ṣe é fún," ni Dúrótoyè wí. Ohùn rẹ̀ ròkè, àmọ́ kì í ṣe ìbínú. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń ṣe ike ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, kò sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́. "Mo rí i pé o kì í sùn. Mo rí i pé o kì í jẹun. Mo ní kí la máa ṣe tí ọkùnrin yìí á fi buwọ́ lùwé? Bùọ̀dá ní ká lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé bí a ṣe ń dúpẹ́ nìyí?" ni Akíndé dá sí i. "Mo fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ fi àyà gbálẹ̀ níwájú ẹni tí n kò mọ̀ rí, nítorí tìẹ."

"Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá. Kí lẹ sọ fún un pé mo ṣe?"

Akíndé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo Dúrótoyè.

"A ò sọ pé o ṣe nǹkan kan pàtó," ni Akíndé wí. "A ní kó má bínú ni."

"Ṣé ẹ bi í ohun tó ń bí i nínú?"

"Ìyàwó, rọra," ni màmá wí. "Bóyá ẹni jàre, bóyá ẹni jẹ̀bi, a máa ń bẹ àgbà ni. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe."

"Ṣé ẹ wá sọ fún un pé òṣìkà ni, Màmá?"

"Háà. Èmi ṣe máa sọ irú ìyẹn?"

"Ẹ ò sọ ọ́. Ohun tí ẹ sọ ni pé èmi ni òṣìkà, òun ni ìlú." Ó gbé fáìlì náà mọ́ àyà. "Lọ́la ni ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ wa. Mo ní àlàyé, mo ní ẹ̀rí. Ó ti wá sọ fún wọn pé kò sí ẹjọ́ mọ́, pé ẹbí mi ti wá gbà pé mo jẹ̀bi. Bí n kò bá yọ iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́fà ṣe, màá di ẹni tí wọ́n dárí jì tó tún ń yájú. Ta ló máa gbọ́ tèmi? Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́."

Màmá gbé ọwọ́ lé orí. Obìnrin náà kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ó ti sọ fún gbogbo ọjà Ìkìrun pé ìyàwó ọmọ òun máa di ọ̀mọ̀wé, ó sì fẹ́ kí ó ṣojú òun. Ire ló rò. Ṣùgbọ́n ire tí a kò bi oníǹkan kí a tó ṣe é fún un máa ń ba nǹkan jẹ́ ju ibi lọ, torí a kò lè bínú sí i tán.

"A ò mọ̀," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọlọ́run mọ̀ pé a ò mọ̀."

Àtinúkẹ́ wọ yàrá lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì ń ti ojú fèrèsé wọlé. Dúrótoyè tẹ̀ lé e, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló tilẹ̀ wà nínú orí kẹrin yẹn?" ni ó béèrè. "Bí o bá yọ ọ́, kí ló bàjẹ́? Ìwé náà ṣì pọ̀."

"Ìwọ lo wà níbẹ̀."

"Èmi kí?"

Àtinúkẹ́ ṣí fáìlì náà, ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ó ń sọ ọ́ di Yorùbá bó ti ń lọ, tìbínú tìbínú. "Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní òun kì í gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà mọ́, àfi ìgbà tó bá dákẹ́. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì, àyà rẹ̀ á já, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yí sí ọ̀nà ìta, kí ó tó rò ó pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú èrò ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ló ti mú ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí yí padà kí èrò rẹ̀ tó dé?"

Dúrótoyè wọlé, ó jókòó sílẹ̀.

"Ṣé èmi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yín bàjẹ́, tí o wálé tí o kò lè jẹun. Mo bi ọ́ pé ṣé kí n kọ ọ́, o ní kí n máa kọ ọ́ lọ."

"Mo rò pé eré ni." Ó na ọwọ́ gba ìwé náà. "Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ sí i?"

"Ó wà létí ibẹ̀. Kà á."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣìnúbí ti fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà. Ó béèrè pé ta lẹni yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ike kì í ṣe ohun tí à ń gbé wá síbi tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn. Ó ní kí ó yọ ọ́. Dúrótoyè kà á, ó tún un kà. Kò pariwo.

"Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?"

"Níbo ló ti máa mọ̀? O dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, kò mọ̀ pé ìwọ ni. Ìwọ náà ò mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì wá jọ fẹnu kò pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

Dúrótoyè rọra fi ìwé náà sórí ibùsùn, ó sì jáde. Àtinúkẹ́ gbọ́ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, àmọ́ kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó jẹ́ ohun ìyanu, torí pé bí Dúrótoyè bá ń sọ̀rọ̀, ilé kejì máa ń gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lára ìkọ́ mọ́. "Ó ti lọ bá ẹ̀rọ rẹ̀," ni Àtinúkẹ́ sọ fún ara rẹ̀, ìbínú rẹ̀ sì tún gbérí. Ẹni tó da omi sílẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Òun tí kò dà á ló máa nù ún.

Ọ̀mọ̀wé Abísọ́lá, obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka, ló jókòó sí àárín nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé. Àwọn olùkọ́ àgbà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣìnúbí sì wà ní ìkangun tábìlì, ó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn. 

"Ìyáàfin Àtinúkẹ́," ni Ọ̀mọ̀wé Abísọ́lá wí, "a gbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú."

"Kò tíì yanjú, mà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn dárí jì mí. N kò gba ìdáríjì náà."

Àga dún káàkiri yàrá. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ènìyàn kì í kọ ìdáríjì."

"Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni kì í kọ̀ ọ́, sà."

"Ṣé ẹ rí ohun tí mo ń sọ?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ìgbéraga yìí náà ni. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Ṣé ọkọ rẹ̀ á purọ́ mọ́ ọn ni?"

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Dúrótoyè ló wọlé, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, òógùn sì ti bò ó lọ́rùn. Ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ kan ilẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ó nàró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi ni ọkọ rẹ̀. Àyè tí mo lọ tọrọ níbi iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n tètè dé." Ohùn rẹ̀ kún yàrá náà. Ọ̀mọ̀wé Abísọ́lá fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yin lẹ wá bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n níjẹta?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni ìyàwó yín ṣe tí ẹ fi wá bẹ̀ wọ́n?"

"N kò mọ̀, mà," ni Dúrótoyè wí. "Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó béèrè."

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó dáadáa. "Ó túmọ̀ sí pé ẹ dọ̀bálẹ̀ lásán?"

"Kì í ṣe lásán, sà. Àgbà ni yín. Mo lè tún dọ̀bálẹ̀ kí yín nísinsìnyí, kò ní ohun tó máa ṣe mí. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ni mo wá gbà padà."

"A kì í gba ẹ̀bẹ̀ padà," ni àgbà tó yọ awò ojú wí.

"Mo mọ̀, sà. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyẹn." Ó yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìyàwó mi pé ta lẹni yìí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ike. Èmi ni, sà. Ẹ béèrè, èmi nìyí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣìnúbí wo ọkùnrin náà. Ó ti rí i rí, nílẹ̀, ó sì ti dárí jì í pẹ̀lú. Ó jọ pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó ń wo ojú rẹ̀. Ó ń tún tai rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Ọ̀mọ̀wé Abísọ́lá wí, "ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an lẹ dárí rẹ̀ ji obìnrin yìí?"

"Ìgbéraga."

"Kò sí ìyẹn nínú òfin ẹ̀ka wa, sà."

Wọ́n gbọ́ tẹnu Àtinúkẹ́, wọ́n sì gbọ́ ọ pẹ́. Wọn kò dá a láre, wọn kò sì dá a lẹ́bi. Wọ́n ní orí kẹrin máa lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ mìíràn ní yunifásítì mìíràn, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú bíírò pupa létí ìwé. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń dìde, Ọ̀mọ̀wé Abísọ́lá ní, "Iṣu àti epo tó wà ní ọ́fíìsì yẹn, kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń rìn lọ sí ẹnu géètì nínú oòrùn, Àtinúkẹ́ níwájú, Dúrótoyè lẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì epo ní ọwọ́ kan, àpò iṣu ní èjìká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà fún wọn. Àtinúkẹ́ kò wẹ̀yìn. Inú ṣì ń bí i. Ó rò pé ó yẹ kó ti rọ̀, kò rọ̀, kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé ó ti rọ̀.

"Àtinúkẹ́," ni ọkọ rẹ̀ pè é. "Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó dúró, ó sì yípadà. "Kí lo ṣe?"

"Hẹn?"

"O ní kí n má bínú. Kí lo ṣe?"

Dúrótoyè gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀. Ó nu ojú. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé Àtinúkẹ́ ní láti sún mọ́ ọn kí ó tó gbọ́.

"Mo jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò dá. N kò bi ọ́. Ọdún mẹ́fà lo fi kọ nǹkan nínú ilé mi, n kò bi ọ́ rí pé kí ni ò ń kọ."

Àtinúkẹ́ wò ó. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà.

"Ẹ máa bẹ̀ mí lọ, Bàbá Ìtẹ́," ni ó wí. "Ilé ṣì jìn."